Ojú Ọmọ Amọ̀

Ní ọjọ́ kọkàndínláàádọ́ta tí ìyá mi kú, a gbé ìkòkò tí wọ́n kó egungun rẹ̀ sí lẹ́yìn tí wọ́n sun ún lọ sí ibojì ìdílé wa lẹ́yìn oko píà. Bàbá mi, Tokuji, ló wa ọkọ̀. Èmi gbé ìkòkò náà lé itan. A kò sọ̀rọ̀ títí a fi débẹ̀, kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni bàbá mi ti ń bá igi píà sọ̀rọ̀ ju èèyàn lọ.

Bàbá tó ń gbẹ́ òkúta ti dé ṣáájú wa. Ó fi irin gbé òkúta pẹlẹbẹ tó bo ẹnu ihò náà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀.

“Àyè wà dáadáa,” ó ní. “Ìkòkò mẹ́rin ló wà níbẹ̀, àti kékeré kan.”

“Kékeré wo?”

“Ó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Wọ́n fi aṣọ dì í.”

Mo mọ àwọn mẹ́rin náà bí ẹni mowó: bàbá àgbà, ìyá àgbà, àti àwọn òbí bàbá àgbà. Kò sẹ́ni tó sọ ti kékeré kankan fún mi rí. Mo yíjú sí bàbá mi. Bàtà rẹ̀ ló ń wò.

“Bàbá, ta nìyẹn?”

“Fi í sílẹ̀, Chizuru. Jẹ́ ká gbé ìyá ẹ wọlé.”

Ìwà mi kò dára, gbogbo abúlé ló mọ̀. Ẹni tó bá ní kí n fi nǹkan sílẹ̀, òun gan-an ló rán mi pé kí n mú un. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí òkúta náà pẹ̀lú aṣọ dúdú tí mo wọ̀, mo na ọwọ́ sínú ihò dé èjìká, mo fa nǹkan náà jáde.

Aṣọ ìdìrí ni wọ́n fi dì í, aláró, irú èyí tí àwọn obìnrin abúlé wa ń dì sórí nígbà tí wọ́n ń bá ìjọba wú Nezuka, òkìtì ibojì àtijọ́ tó wà nítòsí wa. Ìkòkò funfun kan wà nínú rẹ̀ tí kò ju ife tíì lọ. Nǹkan líle kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo tú u, ojú ọmọ kékeré kan ló ń wò mí. Amọ̀ pupa ni wọ́n fi mọ ọ́: ihò méjì fún ojú, ihò tóóró kan fún ẹnu, àti imú tí ẹnì kan fi ìka méjì fún yọ. Kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo dà á dé. Ẹnì kan ti fi tàdáwà dúdú kọ orúkọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ kò ju orí èèrà lọ. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn níbikíbi. Ti ìyá mi ni.

“Ta ni Hisashi?” mo bi bàbá mi.

Ó gbé ojú sókè. “Kí lo pè é?”

“Hisashi. Òun ni wọ́n kọ síbí.”

Orúkọ tí à ń sọ ọmọ tí a bá fẹ́ kó pẹ́ láyé ni. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn amọ̀ náà bí ẹni tó ń wo lẹ́tà àjèjì. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé òun náà ò gbọ́ orúkọ náà rí.

Àlùfáà tí a pè wá gbàdúrà wúkọ́. Ó ní ilé méjì mìíràn tó ń dúró dè é lọ́jọ́ náà. A tan tùràrí, ó ka ìwé rẹ̀, a gbé ìyá mi wọlé. Mo dá ìkòkò kékeré náà padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n jọ wà. Ṣùgbọ́n mo fi aṣọ náà di ojú amọ̀ náà padà, mo sì jù ú sínú báàgì mi.

“Dá a padà síbi tó wà,” bàbá mi sọ fún mi lábẹ́ ohùn.

“Kì í ṣe tiwa, Bàbá. Inú òkìtì ló ti wá. Ẹ̀yin náà mọ̀.”

“Mo ní kó o dá a padà.”

“Ẹ sọ ẹni tó ń jẹ́ Hisashi fún mi, màá dá a padà báyìí.”

Ó yí ẹ̀yìn sí mi. Òkúta padé.

* * *

Nígbà tí a délé, mo po tíì, mo sì jókòó sí iwájú rẹ̀ gbágbáágbá kó má baà ráyè sá lọ. Ife mẹ́ta ló mu kó tó sọ̀rọ̀.

“O ní ẹ̀gbọ́n,” ó ní. “Ọkùnrin. Ó ṣáájú ẹ lọ́dún méjì.”

Yìnyín ń bọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ìyá agbẹ̀bí kò sì tètè dé. Ọmọ náà kò ké. Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, fi aṣọ wé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó gbé e jáde kúrò ní yàrá. Ó ní bí ìyá ọmọ bá rí i, ojú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn lọ́kàn, ọmọ tó kàn kò ní fẹ́ wá. Ìyá mi bẹ̀bẹ̀. Wọn kò gbé e wá. Nígbà tó tó àkókò láti lọ sun ún, òun àti bàbá mi kò lè lọ, nítorí lọ́dọ̀ tiwa òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Bàbá àgbà nìkan ló lọ, òun náà ló sì gbé ìkòkò kékeré náà bọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n ní ọmọ tí kò ké kò tíì dé ayé, ta ló ń sọ ẹni tí kò tíì dé lórúkọ?

“Ojú amọ̀ yẹn ńkọ́? Báwo ló ṣe débẹ̀?”

“Bàbá mi kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìgbà tí wọ́n ṣí ibojì fún un, ìyá ẹ bẹ̀ mí pé kí n yíjú sẹ́yìn díẹ̀. Mo yíjú.”

“Ẹ ò bi í nǹkan tó ń ṣe?”

“Mo yíjú, Chizuru. Mo rò pé ìyẹn náà tó.”

Mo gbé ife mi sílẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, mo sì mọ̀ pé ó kù.

“Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá? Ẹ rí ọmọ náà?”

“Èmi ni mo gbé e dání nígbà tí ìyá mi ń wá aṣọ tí wọ́n máa fi wé e.”

“Báwo ló ṣe rí?”

Bàbá mi dìde. Ó ní àkàbà wà níta, òjò sì fẹ́ rọ̀. Mo wo ojú ọ̀run láti ojú fèrèsé. Ó mọ́ rekete.

Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ife tó tutù, gbogbo nǹkan tí mo ti rí láti kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í tò padà fún mi lọ́nà mìíràn. Lẹ́yìn ìkórè ọdún tí ọmọ náà kú ni ìjọba wá wú òkìtì Nezuka, ibojì ọba àtijọ́ kan tó wà láàrin oko ìrẹsì ní ìsàlẹ̀ abúlé wa. Wọ́n ń wá àwọn obìnrin tó lè wúlẹ̀ tó sì lè fọ àpáàdì. Ìyá àgbà ló lé ìyá mi lọ síbẹ̀, kó má baà jókòó sílé kó máa sunkún lójú rẹ̀. Ó fọ àpáàdì nínú omi tútù títí ọwọ́ rẹ̀ fi là. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára, wọ́n fún un ní búrọ́ọ̀ṣì onírun mẹ́ta mẹ́rin, wọ́n ní kó máa kọ nọ́ńbà sí wọn. Àpáàdì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí wọ́n ti rí i. Bí a bá ti kọ ọ́ tán, a ó fi fáníìṣì bò ó kó má ṣe pa rẹ́. Ìyá mi máa ń sọ fún mi pé àpáàdì tí kò ní nọ́ńbà ti ya odi, kò lè sọ ilé rẹ̀ mọ́.

Lọ́dọọdún, bí òtútù bá ti fẹ́ parí, á mú mi lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lẹ́sẹ̀ òkìtì náà, níbi tí wọ́n kó ohun tí wọ́n wú jáde sí. A ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan níwájú ère obìnrin amọ̀ tó pọn ọmọ. Èmi á máa jẹ ìrẹsì tó dì fún mi, òun á máa wo ère. Ẹ̀rù ọmọ tó wà lẹ́yìn obìnrin náà máa ń bà mí, nítorí kò lójú. Amọ̀ funfun ni wọ́n fi dí ibẹ̀, ó ń dán bọ̀rọ́.

“Ìyá, kí ló dé tí ọmọ yẹn ò lójú?”

“Ó fi tirẹ̀ yá ẹnì kan tí ò ní.”

Mo rò pé àwàdà ni. Nígbà oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi á gbé ọbẹ̀ síwájú bàbá mi, á bi í jẹ́jẹ́ pé, “Ta ló jọ?” Bàbá mi á na àwo rẹ̀ sí i, á ní, “Bu ìrẹsì sí i.” Ìyá mi á bu ìrẹsì. Mo rò pé ère ni wọ́n ń sọ. Lọ́dọọdún ni, títí mo fi dàgbà, títí mo fi lọ ilé ọkọ, títí mo fi kúrò nílé ọkọ padà wá. Ó bi í ní ọdún tó kú yìí náà, mo wà níbẹ̀, ẹja ni mo ń yọ egungun lára rẹ̀. Bàbá mi ní kó bu ìrẹsì.

Inú bí mi sí i lọ́jọ́ náà débi pé n kò lè bá a jẹun. Obìnrin kan fi ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta bèèrè nǹkan kan ṣoṣo lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, kò sì ná an ní nǹkan kan láti fún un.

* * *

Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, Sátidé, mo fi ojú amọ̀ náà sínú àpótí oúnjẹ ìyá mi pẹ̀lú aṣọ rẹ̀. Mo kígbe sí oko pé, “Mò ń lọ dá a padà! Bẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ wá. Bẹ́ ò bá fẹ́, ẹ dúró ti píà yín!”

Nígbà tí mo fi máa dé ìdí ọkọ̀, bàbá mi ti jókòó sínú rẹ̀. Aṣọ dúdú tó wọ̀ lọ síbi ìsìnkú ló wọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ubukata ló wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Òun ni olórí àwọn tó wú òkìtì náà nígbà èwe rẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, àmọ́ a kò lè lé e kúrò níbẹ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ó máa ń jókòó sórí àga kékeré kan, á máa bá àwọn àlejò sọ ohun tí wọn kò bi í. Bó ṣe rí bàbá mi, ó dìde.

“Bàbá Chizuru! Ẹ kú àjálù o, ẹ kú ìrọ́jú. Gbogbo ọjọ́ ayé yín lẹ ti ń gbé nítòsí òkìtì yìí, òní lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé?”

“Mo níṣẹ́.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Píà kì í kúkú sá lọ.”

“Òkú náà kì í sá lọ,” bàbá mi dá a lóhùn. “Ó ti sùn síbẹ̀ láti ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ ọdún. Kí ló ń lé mi?”

Ubukata rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo tẹ ara ba mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì na àpótí náà sí i.

“Ọ̀gá, nǹkan yín ni. Ìyá mi ló mú un nígbà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

Ó ṣí i. Ó tú aṣọ náà. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó bọ́ ọ, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Mo na ọwọ́ sábẹ́ tirẹ̀, bóyá á jábọ́.

“Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta,” ó ní. “Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi asẹ́ jọ iyẹ̀pẹ̀ kòtò yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Àwọn ọ̀gá mi ní kí n fi í sílẹ̀, mo ní ojú ọmọ ò lè dédé sọnù. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú ìwé pé a ò rí i.” Ó dà á dé, ó sì sún mọ́ fèrèsé. “Ọwọ́ Masue ìyá ẹ nìyí. Kò sí ẹlòmíì tó lè kọ lẹ́tà tó kéré tó báyìí. Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá àpáàdì ló kọ nọ́ńbà sí fún mi, kò ṣi ọ̀kan kọ. Èyí nìkan ni kò fún ní nọ́ńbà.”

“Orúkọ ló fún un,” mo ní.

Ó wò mí, ó wo bàbá mi, kò béèrè nǹkan mìíràn. Ó ti pẹ́ láyé.

“Lọ́dọọdún ló ń wá jókòó síbẹ̀ yẹn,” ó ní, ó nawọ́ sí bẹ́ǹṣì. “Mo máa ń sọ fáwọn èèyàn pé, ẹ wo obìnrin yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló wá ń wò.”

Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó ṣí àpótí gíláàsì tí ère náà wà nínú rẹ̀. N kò tíì rí obìnrin amọ̀ náà láìsí gíláàsì láàrin wa rí. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kọrin fún ọmọ tó ń ké. Ubukata gbé ojú náà sún mọ́ amọ̀ funfun tó wà lórí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó yí i díẹ̀ sí òsì. Etí àgbọ̀n rẹ̀ bá ọrùn ọmọ náà mu pátápátá. Kò sí àyè tí irun kan lè gbà kọjá.

Omi bọ́ lójú Ubukata. Ó fi apá aṣọ nù ún láìtijú.

“A máa yọ èyí tó funfun yìí kúrò,” ó ní, “ká wá lẹ ti gidi mọ́ ọn. Orúkọ yẹn á wà nínú, kò sẹ́ni tó máa rí i. Àmọ́ òfin wa ni pé tàdáwà tí kì í bá ṣe nọ́ńbà wa, a ní láti fọ̀ ọ́ kúrò ká tó lẹ̀ ẹ́.”

Mo ti la ẹnu láti jà. Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Gbé e fún mi.”

Ubukata gbé e fún un. Bàbá mi tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó gba ojú náà sí i, ó sì fi ọwọ́ kejì gbé e ró lábẹ́, níbi tí ọrùn ì bá wà. Ọwọ́ tó ti ń gé ẹ̀ka píà láti ọmọ ogún ọdún títí di àádọ́rin ni. Ó wò ó pẹ́.

“Kò jọ ọ́,” ó ní. “Kò jọ ọ́ rárá. Ojú ti èyí jìnnà síra jù.”

N kò mọ ìgbà tí mo béèrè. Ohùn ìyá mi ló jáde lẹ́nu mi. “Ta ló jọ, Bàbá?”

Mo rò pé ó fẹ́ sọ ọ́. Ó dá ojú náà padà fún Ubukata, ó wo ilẹ̀.

“Ẹ má fọ orúkọ yẹn,” ó ní. “Mo bẹ̀ yín. Kò ní òmíràn.”

Ubukata gbé ojú amọ̀ náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó di ojú kan, ó di èkejì.

“Ọjọ́ ogbó dé,” ó ní. “Orúkọ wo lẹ ń wí? Èmi ò rí nǹkan kan níbí.”

Ó fi òwú dì í sínú páálí kékeré. Ó wá mú fọ́ọ̀mù kan jáde nínú dúrọ́ọ̀, nítorí kò sí nǹkan tó ń wọ ilé yẹn láìní fọ́ọ̀mù. Ó kọ ọjọ́, ó kọ òkìtì Nezuka, ó kọ “ojú ọmọ, ọ̀kan”. Ó dúró.

“Ibi tí a ti rí i,” ó kà á sókè. “Kí ni kí n kọ síbẹ̀?”

Mo ń rò ó bóyá kí n ní ibojì, tàbí kí n purọ́ pé abẹ́ ilé la ti rí i.

“Kọ ọ́ pé lọ́wọ́ ọmọ mi ọkùnrin,” bàbá mi wí.

Ubukata kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo jáde lọ gbé ọkọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà, nítorí orúnkún bàbá mi kò fẹ́ràn àtẹ̀gùn. Kò pẹ́ tí mo fi padà. Ubukata ti lọ sẹ́yìn lọ fi páálí náà pamọ́. Bàbá mi nìkan ló wà nínú yàrá ère náà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìyá mi, ó bọ́ fìlà, ó sì ń bá obìnrin amọ̀ náà sọ̀rọ̀. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

“Ìwọ ló jọ, Masue,” ó ń wí. “Ìwọ gan-an. Irun ẹ̀ kún orí. Etí ọ̀tún ẹ̀ ká díẹ̀ lókè, bíi tìẹ. Ó ti di ọwọ́ ẹ̀, mo là á, ìka ẹ̀ gùn, mo kà á, ó pé. Ojú ẹ̀ padé bí ẹni pé ó ń sùn. Kò sí nǹkan kan tó ṣe ojú ẹ̀, ó dára. Ó dára gan-an. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní bí mo bá sọ ọ́ fún ẹ, wàá dìde lọ́jọ́ kan, wàá bá a lọ. Ìgbà tí mo wá fẹ́ sọ ọ́, ó ti pẹ́ jù, ojú tì mí. Mo ní lọ́dún tó ń bọ̀. Gbogbo ìgbà ni mò ń wí bẹ́ẹ̀, lọ́dún tó ń bọ̀.”

Lẹ́yìn náà ó pe orúkọ ọmọ náà, kò pariwo, bí ìgbà tó máa ń pè mí láti oko pé kí n wá jẹun. “Hisashi.” Ó tún pè é.

Ìyá mi ì bá gbọ́ ọ. Ọjọ́ mẹ́tàléláàádọ́ta péré lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìdáhùn náà dé. Mo fẹ́ bínú sí i, n kò rí ìbínú náà mọ́, ẹkún ni mo bá níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Mo jókòó sórí àga kékeré Ubukata lẹ́nu ọ̀nà, mo sì dúró de bàbá mi títí wọ́n fi fẹ́ ti ilé náà.